Ká Gé Ìyẹ́ Rẹ̀ Ni, Àbí Ká Gbé Ọgbà Ga? Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tí Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé Kò Fi Ní Máa Sá Jáde

Lásìkò ọyẹ́ kan, màmá tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ẹní méjì ni wọ́n tẹ́ sí àgbàlá, tí wọ́n sá èlùbọ́ sí. Àgbébọ̀ mi kan tó jẹ́ abọ̀lọ́rùn ló dúró sáàárín ẹní kejì, tó ń tú u ká bí ẹni tó wà lórí ààtàn: yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ha á sẹ́yìn, yóò fi tòsì ha á, yóò sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò tẹ orí wò ó, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti yàgbẹ́ sí i lójú mẹ́ta. Màmá ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, kí la máa wá ṣe sí èyí báyìí?" Mo san owó èlùbọ́, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì gbé adìyẹ mi há abíyá lọ sílé. Ojú tì mí gan-an.

Fẹ́ǹsì tó wà láàárín wa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, mo sì ti gbà pé kò sí adìyẹ tó lè fò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó tì í, mo ń ṣọ́ ọ. Kò fò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rárá. Ó fò sórí dúróòmù omi tí mo gbé ti ògiri, ó dúró, ó na ọrùn wo òkè, ó fò lé orí ògiri, ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì dáadáa, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mo gbé dúróòmù kúrò níbẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún jáde, ìyẹn nígbà tí wọ́n kó taya àtijọ́ lé ara wọn síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dára jù nínú wáyà, àwọ̀n, gígé ìyẹ́ àti búlọ́ọ̀kù, èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé: ibo ni adìyẹ rẹ ń gbà jáde? Ìdáhùn ìyẹn ló ń sọ ibi tó yẹ kí owó lọ. Mo ti lo púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra yìí fúnra mi. Ìyókù, ojú mi ló fi rí i lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò.

Irú adìyẹ wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Bó bá jẹ́ adìyẹ àgírìkì tí ẹ ń sìn fún ẹran ni, ẹ má da ara yín láàmú nípa fífò. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ti wúwo ju kílò méjì lọ, igẹ̀ rẹ̀ ti tóbi, apá rẹ̀ kò sì lè gbé e mọ́. Ọgbà ẹsẹ̀ bàtà 3 ti tó o. Noiler tí àwọn iléeṣẹ́ Amo ní Awẹ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú jáde máa ń wúwo tó bá dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, tí ara rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́, ó ń fò dáadáa. Ẹ ṣe ọgbà tirẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 5. FUNAAB Alpha tó wá láti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ara adìyẹ ìbílẹ̀ wa ni wọ́n ti mú un jáde, nítorí náà ẹ má fojú adìyẹ àgírìkì wò ó.

Adìyẹ ìbílẹ̀ gan-an ni ọ̀gá wọn. Ara rẹ̀ fúyẹ́, kì í sábà ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ bó bá jẹ́ abo, apá rẹ̀ sì gùn. Baba ńlá gbogbo adìyẹ ayé ni adìyẹ igbó ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, orí igi ni ìyẹn sì ń sùn títí dòní. Ẹ wọ abúlé èyíkéyìí ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbójú sókè wo igi máńgòrò, ẹ ó rí i pé tiwa náà kò tíì gbàgbé. Ọgbà ẹsẹ̀ bàtà 6 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ́, pẹ̀lú àdéhùn pé kò sí ohun tó máa fi ṣe àtẹ̀gùn.

Àwọn àgbà wa mọ èyí tí kò lè fò. Òpìpì ni, adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò kún ní apá. Asa tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè náà kì í lè fò lọ títí. Abọ̀lọ́rùn ní tirẹ̀, ọrùn nìkan ló ṣí sílẹ̀, apá rẹ̀ pé pérépéré. Mo ti fi owó èlùbọ́ mọ ìyẹn. Bí ẹ bá rí òpìpì rà, ìṣòro fífò ti tán, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ológbò bá lé e, kò ní ibi tó máa sá sí. Òun ló nílò ààbò jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ ṣọ́ ọ fún àárọ̀ kan

Ọ̀nà mẹ́rin péré ni adìyẹ ń gbà jáde: ó ń gba òkè, ó ń gba ihò, ó ń gba abẹ́, ó ń gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ jókòó síbi tí kò ti ní máa wò yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn fún wọn láàárọ̀. Èyí tó ń gba òkè yóò kọ́kọ́ dúró, yóò máa wo ibi tí yóò bà lé. Èyí tó ń gba abẹ́ ti ní kòtò kan tó ń wá sí lójoojúmọ́, ibi tó ń fi erùpẹ̀ wẹ̀. Bí ẹ bá rí kòtò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ọ̀kan nínú wọn máa di ojú ọ̀nà láìpẹ́. Òròmọdìyẹ ló sábà ń gba ihò. Ti ẹnu ọ̀nà, àwa èèyàn la ń fà á.

Àlùmọ́gàjí tàbí ọgbà gíga?

Méjèèjì wà fún adìyẹ tó ń gba òkè. Gígé ìyẹ́ ló dínwó jù ní gbogbo ohun tí mo máa mẹ́nu bà, àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣe é bí kò ṣe yẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Alẹ́ ni kí ẹ mú un, nígbà tí ó ti wọ ilé. Ojú adìyẹ kì í ríran nínú òkùnkùn, kò ní bá yín jà. Kí ẹnì kan gbá a mọ́ àyà, kí ó fi ọwọ́ kan bo ojú rẹ̀. Kí ẹnì kejì tẹ́ apá kan ṣoṣo bí ẹni tẹ́ abẹ̀bẹ̀, kí ó tan iná sí i. Ẹ ó rí ìyẹ́ gígùn bíi mẹ́wàá láti ṣóńṣó apá wá sẹ́yìn. Nígbà tí adìyẹ bá pa apá dé, ìyẹ́ yòókù máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́wàá yìí ló fi ń gbéra. Lórí wọn ni ìpele ìyẹ́ kéékèèké wà. Ibi tí ìyẹ́ kéékèèké yẹn parí sí ni kí àlùmọ́gàjí gbà, ẹ má ṣe wọ inú kọjá ibẹ̀.

Kí ẹ tó gé ìkọ̀ọ̀kan, ẹ wo igi àárín rẹ̀. Bó bá funfun, tó gbẹ, ẹ gé e. Kò dùn ún ju bí gígé èékánná ṣe ń dùn wá lọ. Bó bá dúdú mọ́ búlúù, tó dà bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹ́ náà ṣì ń dàgbà. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbó. Bí ẹ bá ṣèèṣì gé e, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti aṣọ tó mọ́ tẹ ojú rẹ̀ títí yóò fi dá, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ lóru yẹn, torí bí àwọn yòókù bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọn ò ní yé ṣá a.

Àwọn kan ń gé apá méjèèjì. Ọ̀kan ni mo fara mọ́. Bó bá fẹ́ fò, apá tó pé yóò gbé afẹ́fẹ́, èkejì kò ní gbé e, ara rẹ̀ yóò wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì balẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gé méjèèjì dọ́gba, mo ti rí èyí tó kọ́ bí a ṣe ń fi ipá bu sókè tó sì dé orí ohun tó ga ju àyà èèyàn lọ.

Àléébù rẹ̀ wá ńkọ́? Ìyẹ́ ń padà hù. Adìyẹ tó ti dàgbà máa ń bọ́ ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí bẹ́ẹ̀, tí tuntun bá sì ti jáde, iṣẹ́ yín ti di òfo. Ti ọ̀dọ́ adìyẹ tún le jù, nítorí ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó pé oṣù mẹ́fà. Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn o. Adìyẹ mẹ́rin ni mo gé ìyẹ́ wọn lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ kan, ológbò kan tí kò ní olówó wọ inú ọgbà lọ́sàn-án gangan. Àwọn tí n kò gé fò lé orí òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo gé sáré títí, ó fò, ó ṣubú, ó tún fò. Mo débẹ̀ nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Mi ò sọ pé kí ẹ má gé ìyẹ́; mo ń sọ pé ẹni tó bá gé ìyẹ́ adìyẹ rẹ̀ ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti di dandan kó ṣọ́ ọ. Ẹ má gé e bí ọgbà yín kò bá ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ajá àti ológbò wọlé.

Ọgbà gíga kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ adìyẹ, owó yín ló ń gbà. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó fún adìyẹ tó wúwo, 6 fún èyí tó fúyẹ́. Àṣírí rẹ̀ wà lókè. Ohun tí adìyẹ ń wò ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bà lé. Bí kápẹ́ńtà bá kan igi gbọọrọ sórí wáyà kí ó lè lẹ́wà, ó ti fún adìyẹ ní àga. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà yọ kọjá orí òpó ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kó máa mì, kó sì fì sí apá inú díẹ̀. Adìyẹ á wò ó, kò ní rí ibi tó máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ohun tó ga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: dúróòmù, taya, igi ìdáná, ilé jẹnẹrétọ̀, ẹ̀ka igi tó yọ wọlé. Kí ó jìnnà tó ìgbésẹ̀ méjì ńlá ó kéré tán.

Nínú méjèèjì, ọgbà gíga ni mo máa mú bí owó bá wà. Bí kò bá sí, tó jẹ́ pé fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù ti yí ilé ká, tí kò sí ológbò tó ń wọlé, ẹ gé ìyẹ́ apá kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gé e sílẹ̀.

Wáyà wo, ihò wo?

Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ dà bí ti afárá oyin ló pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì fúyẹ́ jù lápò. Ó ń dá adìyẹ dúró. Kì í dá ajá dúró, torí ajá tó bá fẹ́ wọlé gidi yóò fi eyín ya á. Èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ ìńṣì 2 kò wúlò fún ilé tí òròmọdìyẹ wà. Wọ́n á gba inú rẹ̀ lọ bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Ìńṣì 1 sàn, ṣùgbọ́n fún ẹsẹ̀ bàtà méjì ìsàlẹ̀, ìdajì ìńṣì ló dára, òun ni kò ní jẹ́ kí eku àti ọ̀pọ̀ ejò wọlé.

Wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n fi iná jó pọ̀ lágbára ju ìyẹn lọ fíìfíì, kì í tẹ̀, kì í tètè dípẹtà. Ó wọ́n. Ohun tí mo rí nílé mi ni pé wáyà nẹ́ẹ̀tì tí mo rì mọ́lẹ̀ ti dípẹtà nísàlẹ̀ kí òjò ọdún kẹta tó tán, nígbà tí apá òkè rẹ̀ ṣì ń dán. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ pín in: onígun mẹ́rin tó lágbára nísàlẹ̀ níbi tí ìyà wà, wáyà nẹ́ẹ̀tì lókè níbi tí adìyẹ nìkan ti ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ra wáyà olówó ńlá yí gbogbo rẹ̀ ká láti òkè délẹ̀ ti ná owó síbi tí kò sí ìjà.

Ọparun ńkọ́? Ó lẹ́wà, a sì lè rí i láìsanwó púpọ̀ bí odò bá wà nítòsí. Bí ẹ bá là á, tí ẹ sì fi okùn dì í pọ̀ mọ́ra dáadáa, kò sí òròmọdìyẹ tó máa gba àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le, adìyẹ ń bà lé e, ikán sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ọdún kan tàbí méjì ni mo máa fún un. Pèrègún àti lápálápá tí a ń gbìn ṣe ọgbà dára fún ààlà ilẹ̀. Adìyẹ kò kà wọ́n sí.

Orí ọgbà: àwọ̀n tàbí páànù?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, nítorí òrùlé ń parí ìjà méjì lẹ́ẹ̀kan. Kì í jẹ́ kí adìyẹ jáde, kì í sì jẹ́ kí àṣá àti àwòdì wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i bí àṣá ṣe ń balẹ̀ gbé òròmọdìyẹ mọ bí ó ṣe ń rí: ìyá á ké, á na ìyẹ́, àwọn ọmọ á sá sábẹ́ rẹ̀, kí èèyàn tó dìde, ọ̀kan ti lọ. Ọgbà ẹsẹ̀ bàtà 10 kò lè dá àṣá dúró bí òkè bá ṣí sílẹ̀.

Àwọ̀n ló rọrùn jù. Ó fúyẹ́, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé e, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Bàdágìrì lè bá wọn wá àwọ̀n apẹja àtijọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fiyè sí. Èkíní, ẹ fà á le. Àwọ̀n tó rọ̀ jọwọlọ máa ń kọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀. Mo ti tú àkùkọ kan sílẹ̀ rí tí èékánná ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sínú rẹ̀, tó ti ń fì sókè fún ìgbà tí n kò mọ iye rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Ẹ na wáyà líle láti òpó dé òpó kí ẹ tó tẹ́ àwọ̀n lé e. Èkejì, oòrùn ń jẹ ọ̀rá: lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fi ìka fa okùn rẹ̀ wò, bó bá já, gbogbo rẹ̀ ti tó pààrọ̀. Ẹ̀kẹta, bí igi bá wà nítòsí, ewé á kó sí i lórí, òjò á rọ̀, ìwúwo rẹ̀ á fà á ya.

Páànù kò ní wàhálà wọ̀nyí. Òjò kì í gbà á wọlé, ilẹ̀ ọgbà kì í di ẹrẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ tó ń fò kọjá kì í bọ́ sínú oúnjẹ wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní 2006 ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní bird flu kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, láti ìpínlẹ̀ Kàdúná, ẹyẹ igbó sì wà lára àwọn tó ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ooru páànù lọ́sàn-án nínú oṣù kẹta kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé adìyẹ kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló ń ṣí láti fi tu ara. Nígbà tí ẹ bá sì rí gbogbo wọn tí wọ́n ya ẹnu, tí wọ́n tẹ́ apá sílẹ̀, ìyà ti ń jẹ wọ́n.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi páànù bo apá kan níbi tí oúnjẹ, omi àti ibi tí wọ́n ń sùn wà, mo fi àwọ̀n bo ìyókù. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń sin adìyẹ. Bí ẹ bá sì ti fi nǹkan bo òkè, kò sí ìdí kankan láti gé ìyẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbé òrùlé náà ga tó pé ẹ ó lè dúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa máa gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ọgbà tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ wọ̀, kì í pẹ́ tí a ó fi máa sún gbígbá rẹ̀ síwájú.

Ìsàlẹ̀

Búlọ́ọ̀kù ìpele méjì tàbí wáyà tí a tẹ́ sílẹ̀? Búlọ́ọ̀kù wa gùn ní ìńṣì 18, ó ga ní ìńṣì 9. Ọgbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú àti lóròó nílò bíi 27 fún ìpele kan, 54 fún méjì, kí ẹ tó yọ ti ẹnu ọ̀nà. Ó máa fún yín ní ìńṣì 18 tí adìyẹ kò lè gbẹ́, tí ajá kò lè tú, tí òròmọdìyẹ kò lè gbà kọjá. Ilé tí a kọ́ ló yẹ ẹ́.

Ayálégbé tí onílé kò jẹ́ kó mọ ògiri lè tẹ́ wáyà sílẹ̀ ní ìta ọgbà, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó so ó mọ́ ti òkè, kó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹranko tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ ọgbà gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, wáyà ni èékánná rẹ̀ yóò bá. Bí adìyẹ yín bá ń gbẹ́ jáde láti inú, ẹ kó erùpẹ̀ gbígbẹ àti eérú sínú taya kan láàárín ọgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa wẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wáyà sílẹ̀.

Okùn ẹsẹ̀, àgò, kéèjì

Adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, okùn la máa ń so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí yóò fi mọ ilé. Ara mi ò gbà á mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: okùn ń pa á lẹ́sẹ̀, ó ń lọ́ mọ́ igi, ó ń jókòó sínú oòrùn nítorí ibi tí okùn parí sí nìyẹn, bí ajá bá sì dé, a ti dè é sílẹ̀ fún un. Títì í mọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú oúnjẹ àti omi ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí egbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ibẹ̀ ló máa padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ okùn nìkan lẹ ní, ẹ fi aṣọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ so ó, ẹ máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, kí òjìji àti omi sì wà níbi tó lè dé.

Àgò ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ràn fún ìyá àti ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ gbé òkúta lé e lórí, kí ẹ sì máa sún un síbòmíràn láràárọ̀.

Kéèjì kò ní jẹ́ kí adìyẹ kankan jáde láé, òótọ́ ni. Kò tún ní jẹ́ kó walẹ̀, kó wẹ̀, kó na apá. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù (EU) fòfin de irú rẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú fún adìyẹ tó ń yé láti 2012. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ní adìyẹ mẹ́fà lẹ́yìn ilé yóò fi rà á.

Kí ló ń wá lọ?

Abọ̀lọ́rùn mi, n kò mọ ohun tó ń wá lọ títí màmá fi tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n kó igi ìdáná sí, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, wọ́n ṣì mọ́ tónítóní. Ibi tó ṣókùnkùn, tó dákẹ́, ni adìyẹ náà ń wá. Ọgbà mi mọ́lẹ̀ kedere, kò sí kọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Èlùbọ́ yẹn, ojú ọ̀nà ló ti rí i.

Bí àgbébọ̀ yín bá ń lọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà láàárọ̀, tó ń ké kẹ́kẹ́kẹ́, ìtẹ́ ló ń wá. Ẹ fún un ní àpótí tàbí apẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀ tó ìńṣì 12, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀. Ọ̀kan tó fún adìyẹ mẹ́rin sí márùn-ún. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń jáde, ẹ wo àyè: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú àti lóròó tó fún adìyẹ mẹ́wàá, kò tó fún ogún. Bó bá jẹ́ àkùkọ ló ń lé ara wọn jáde, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ta ìyókù tàbí kí ẹ sè é. Kí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ sì máa jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ máa lu agolo kan náà kí ẹ tó dà á sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìró agolo yẹn á máa kó wọn wálé láti ibikíbi tí wọ́n bá wà.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ní adìyẹ àgírìkì tàbí Noiler tó ti dàgbà: wáyà nẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 4 tó, owó yòókù kó lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní adìyẹ ìbílẹ̀ márùn-ún sí mẹ́wàá láàárín ìlú, tí ilé jẹ́ tirẹ̀: búlọ́ọ̀kù ìpele méjì, wáyà lókè rẹ̀, àwọ̀n àti páànù lórí. Bí owó kò bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan, orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bò, kí ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ayálégbé: òpó, wáyà àti àwọ̀n tó lè tú kó lọ lọ́jọ́ tó bá ń kó kúrò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan kan lóṣù yìí: kó gbé ohun gbogbo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kó gé ìyẹ́ apá kan, kó ṣe ìtẹ́, kó sì máa kó wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí òròmọdìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n falẹ̀ rárá. Àṣá kò ní dúró dè é.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ilẹ̀kùn ọgbà ṣí sínú. Bí ẹ bá tì í wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ á lé adìyẹ tó ti dúró dè yín sẹ́yìn. Kí ìkọ́ rẹ̀ wà nínú àti níta, kó ga ju orí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ mi ló kọ́ mi ní ìyẹn.